Ẹ Kúrò Lórí Windows Tí Wọ́n Ti Pa Tì

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, iléeṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Ní ìlú Joga-Orílé, ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Láptọ́ọ̀pù tàn, ìwé jáde lára pirinta, oníbàárà sanwó, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sí àmì, kò sí ariwo. Torí pé kò sí ariwo yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe gbà pé kò sí ewu, tí wọ́n sì ń bá ẹ̀rọ náà lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò yí padà. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ẹni tó bá ń gbé Windows 10 tí kò gba àtúnṣe mọ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá tó bá ń fi gba ìwé àwọn ẹlòmíràn, ó ń fi ara rẹ̀ wewu, ó sì ń fi ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ kún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dúró lọ́jọ́ náà, nítorí ojú kì í rí i. Kò sí Windows tí kò ní ihò lára. Àwọn tó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn olè náà sì mọ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, Microsoft a máa kó àtúnṣe àwọn ihò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jáde, kọ̀ǹpútà tó bá ti ní dátà a sì gbà á wọlé. Èyí ni update tí gbogbo wa ń bú pé ó ń jẹ dátà, pé ó ń dá iṣẹ́ dúró nígbà tí oníbàárà ń kánjú. Windows 11 ṣì ń gba tirẹ̀ lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n Windows 10 àti 11 jọ pín ohun púpọ̀ nínú lọ́hùn-ún. Bí Microsoft bá dí ihò kan lára Windows 11 lóṣù yìí, olè tó mọṣẹ́ yóò tú àtúnṣe náà wò, yóò mọ ibi tí ihò náà wà, yóò sì lọ yẹ Windows 10 wò bóyá irú rẹ̀ wà níbẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dí i mọ́ lára ẹ̀rọ tí kò gba àtúnṣe mọ́. Àtúnṣe tí wọ́n fi ń gba ẹ̀rọ tuntun là ti di ohun tó ń júwe ẹ̀rọ yín fún olè, lóṣooṣù, láìsí ìsinmi.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Antivirus mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa.” Mo gbà. Microsoft fúnra wọn ti ní àwọn yóò máa fi orúkọ àwọn kòkòrò tuntun ránṣẹ́ sí Defender lórí Windows 10 títí di oṣù Kẹwàá 2028. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Defender ni láti dá kòkòrò tí wọ́n ti mọ̀ mọ̀. Kò lè dí ihò tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gbára lé e nìkan ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ta wá ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù? Ẹ jẹ́ ká ṣí fólídà tí wọ́n ń pè ní Downloads lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù kan, irú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí kò sí ìlú wa kan tí kò sí láti Ìlaròó dé Ayétòrò. NIN slip ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀, tòun ti fọ́tò àti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Èsì WAEC ọmọ kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀. Ìwé àdéhùn ilẹ̀ tí ẹbí kan ní kí wọ́n bá àwọn ṣe ẹ̀dà rẹ̀ wà níbẹ̀. CV àwọn ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́ sí iléeṣẹ́ símẹ́ǹtì Dangote ní Ìbèsè, fọ́ọ̀mù àwọn tó ń wá ọ̀nà wọ Poli Ìlaròó, orúkọ àti nọ́ńbà àkántì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, gbogbo rẹ̀ ló tò síbẹ̀ lọ bẹẹrẹ, ẹnikẹ́ni kò sì pa ọ̀kankan rẹ́ láti ọdún tó kọjá. Gmail oníbàárà tó ti délé tó ti jẹun ṣì wà ní ṣíṣí lórí ẹ̀rọ náà, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jáde, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kò sì rántí bá a jáde. Orí ẹ̀rọ yẹn kan náà ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ti ń wọ àkántì báǹkì tirẹ̀.

Ìyá yẹn kò mọ Microsoft. Ohun tó mọ̀ ni pé òun fún ọmọ àdúgbò ní ìwé òun. Bí olè bá ti ìdí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé kó o lọ, ìyá kò ní mọ ọjọ́ tí wọ́n kó o, kò sì ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ẹni tó bá ní NIN, fọ́tò, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù ènìyàn lọ́wọ́ ti ní ohun tó lè fi pe ara rẹ̀ ní onítọ̀hún. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ẹni tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 2023 ti sọ pé ẹni tó bá ń gba ìsọfúnni àwọn ènìyàn gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Kò sọ pé ìlú ńlá nìkan ni òfin wà fún.

Àwọn kan ṣì lè rò pé àsọdùn ni. Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 2017. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, Microsoft kó àtúnṣe ihò kan jáde lára Windows. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà á wọlé. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, tí kò tíì pé oṣù méjì, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò yẹn gan-an wọlé. Ó ń ti fáìlì pa, ó ń béèrè $300 kó tó ṣí i, ó sì ń fò láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti wọ inú kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní orílẹ̀-èdè bí 150. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ní láti dá aláìsàn padà sílé nítorí wọn kò lè ṣí fáìlì. Ẹ kíyè sí i: àtúnṣe ti wà nílẹ̀ kí ewu tó dé, àwọn tí kò gbà á ló fara gbá jù. Fún ẹni tó wà lórí Windows 10 báyìí láìforúkọ sílẹ̀ fún àtúnṣe kankan, oṣù méjì yẹn gan-an kò sí fún un.

Oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà ni ìtàn tó kàn wá jù ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ ọ. Kòkòrò mìíràn, NotPetya, gba inú sọ́fúwíà ìṣírò owó kan ní Yukréènì jáde lọ́jọ́ 27, oṣù Kẹfà, ó sì lo ihò kan náà tí WannaCry lò. Ó kọ lu Maersk, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ará Dẹ́nmáàkì tó ni APM Terminals, àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté Àpápá. Láàárín wákàtí díẹ̀, kọ̀ǹpútà Maersk káàkiri ayé ṣókùnkùn. Wọ́n ní ẹ̀rọ bí 150 tó ń pa orúkọ òṣìṣẹ́ àti àṣẹ ìwọlé wọn mọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹ̀dà èkejì. Wọ́n rò pé ìyẹn tó. Gbogbo ẹ̀dà náà ló so pọ̀ mọ́ra wọn, nítorí náà gbogbo wọn ló parẹ́ pọ̀.

Àfi ọ̀kan, tó wà ní Gánà. Iná ọba ti lọ níbẹ̀ kí kòkòrò tó dé, ẹ̀rọ náà sì ti kú kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iná tí a ń bú lójoojúmọ́ ló gba iléeṣẹ́ ńlá là! Íntánẹ́ẹ̀tì Gánà kò lágbára tó láti fi gbogbo nǹkan náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ tó ní físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ni ẹnì kan bá gbé háàdì-dísìkì wọkọ̀ òfurufú wá sí Nàìjíríà, ó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, onítọ̀hún sì gbé e dé Heathrow. Láti ara háàdì-dísìkì yẹn ni Maersk ti bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun. Wọ́n tún kọ̀ǹpútà 45,000 tò láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, àdánù wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $300 mílíọ̀nù. Maersk rówó san án. Ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù méjì àti pirinta kan kò ní rí i san, kò sì yẹ kó máa retí pé kí iléeṣẹ́ iná IBEDC múná lọ lásìkò tó bá a lára mu.

Ẹ̀yin tó ń kó ẹ̀dà fáìlì yín sínú fólídà mìíràn lórí ẹ̀rọ kan náà, ẹ dákun, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀dà. Háàdì-dísìkì tó dá wà, tí ẹ ń fà yọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó nǹkan sí i, tí ẹ ń tì mọ́ inú dúrọ́ọ̀, òun ni ẹ̀dà.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ líle báyìí, ẹ má bínú sí mi. Nínú gbogbo ọ̀nà tí a fi ń lo Windows nílẹ̀ wa, èyí tó burú jù ni ti ayédèrú, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí kiráàkì. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà. Ó fi fíláàṣì tirẹ̀ sí i, ó pa Defender, ó tẹ ohun kan, ó ní ó ti activate, ó gba owó rẹ̀. Kí ló dé tó fi kọ́kọ́ pa Defender? Nítorí Defender dá ohun tó fẹ́ fi síbẹ̀ mọ̀, kò sì ní gbà á láyè. Bí àlejò kan bá ní kí onílé kọ́kọ́ so ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé wá bá a tún ilẹ̀kùn ṣe, ta ni yóò dá a lóhùn? Ohun tí a ń ṣe nìyẹn, a tún ń sanwó fún un.

Irinṣẹ́ tó gbajúmọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí ni KMSPico. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2021, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, Red Canary, ṣàlàyé bí àwọn kan ṣe di kòkòrò Cryptbot mọ́ KMSPico. Cryptbot kò ní ba ẹ̀rọ jẹ́, nítorí kò fẹ́ kí ẹ fura. Ó kàn ń kó pásíwọ́ọ̀dù tó wà nínú Chrome, ó ń kó nọ́ńbà káàdì báǹkì, ó ń kó kọ́kọ́rọ́ àpò bitcoin, ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí olówó rẹ̀. Ẹnjiníà lè má mọ ohun kan nípa rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọlúàbí, ó lè jẹ́ ọmọ ìjọ yín. Ṣùgbọ́n fíláàṣì kan ṣoṣo ló fi ń tún kọ̀ǹpútà gbogbo àdúgbò ṣe, ibi tó ti rí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì yé òun náà. Ayédèrú Windows 11 kò sàn ju ayédèrú Windows 10 lọ. Ẹni tó bá rò pé òun ti bọ́ nítorí pé òun ti gbé 11 ayédèrú sórí ẹ̀rọ òun, kò tíì kúrò lójú kan.

Bẹ́ẹ̀ ni kí a má sì rò pé olè nìkan ló ń jẹ́ kí àtúnṣe tí a kò ṣe ṣe ìpalára. Ní oṣù Karùn-ún 2025, ìgbìmọ̀ JAMB kéde pé àwọn ọmọ 379,997 yóò tún ìdánwò ṣe, ní ibùdó 157, ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Àtúnṣe sọ́fúwíà kan ni ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún kò fi sórí àwọn sáfà tó wà lágbègbè wọ̀nyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, ọ̀gá JAMB nígbà náà, sunkún ní gbangba níwájú àwọn oníròyìn. Kò sí kòkòrò níbẹ̀, kò sí olè. Àtúnṣe tí kò dé ibi tó yẹ kó dé ni.

Kí ni kí ẹ wá ṣe? Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá lè gbé Windows 11, tó sì lówó rẹ̀, kó gbé ojúlówó sórí rẹ̀. Mi ò bá Microsoft jà. Ìṣòro ni pé Windows 11 ń béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa kò ní: TPM 2.0, Secure Boot, RAM 4GB, ààyè 64GB, àti processor Intel tó jẹ́ ìran kẹjọ sókè. Ọ̀pọ̀ HP EliteBook, Dell Latitude àti ThinkPad tí à ń rà ní Computer Village ní Ìkẹjà, ìran kẹrin sí kẹfà ni wọ́n. Wọ́n lágbára, wọn kò sì tíì gbó, ṣùgbọ́n Windows 11 ti kọ̀ wọ́n. Àwọn kan ń fipá gbé e sí wọn lára. Microsoft ti kìlọ̀ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe, a tún ti padà síbi tí a ti ń sá bọ̀ nìyẹn. Ní ti owó, $139 ni Microsoft ń ta Windows 11 Home. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà, kí ẹ fi wé iye tí ẹ ra láptọ́ọ̀pù náà.

Microsoft tún fi ọdún kan kún àkókò Windows 10 fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, ní $30, tàbí lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá gbà kí wọ́n kó ètò ẹ̀rọ rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, ọdún 2026 ni òpin rẹ̀. Ẹni tó bá rí i gbà, ó ra àkókò ìmúra. Kò ra ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ wa, Linux, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, ni mo rí. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki ní Fínlándì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè kà á, lè tún un ṣe, lè dà á kọ fún ẹlòmíràn láìsan kọ́bọ̀, láìjalè. Fóònù Android tó wà lápò yín, Linux ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa, ló dá Ubuntu sílẹ̀ ní 2004. Lórí Ubuntu ni wọ́n kọ́ Linux Mint, òun sì ni mo máa ń tọ́ka sí fún ẹni tí Windows ti mọ́ lára, nítorí ojú àwọn méjèèjì jọra. RAM 4GB tó o. Linux Mint 22 tó jáde ní 2024 yóò máa gba àtúnṣe títí di 2029. Chrome ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, Zoom ń ṣiṣẹ́, WhatsApp ń ṣí nínú Chrome, LibreOffice sì ń ṣí fáìlì Word àti Excel. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, ẹ gbọ́ eléyìí: bọ́tìnnì Yorùbá ti wà nínú Linux, láìgba sọ́fúwíà mìíràn, ẹ̀yin kàn máa yàn án nínú ètò kíbọ́ọ̀dù ni.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun àjèjì ni tàbí ohun tálákà. Àwọn ọlọ́pàá Gendarmerie ilẹ̀ Faransé ti ń lo Ubuntu láti 2008 lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà. Ní 2007, orílẹ̀-èdè wa fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù kékeré Classmate tí Intel ṣe fún ọmọ iléèwé, 17,000, pẹ̀lú Linux tí Mandriva, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Faransé, fi sórí wọn. Nígbà tó kù díẹ̀, Mandriva gbọ́ pé wọn yóò sanwó fún Linux náà o, ṣùgbọ́n wọn yóò nù ún kúrò, wọn yóò fi Windows sí i. François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà. Ó hàn lẹ́yìn náà pé Microsoft ń bá iléeṣẹ́ tó ń kó ẹ̀rọ náà wá jíròrò àdéhùn ìpolówó $400,000. Àjọ Universal Service Provision Fund, tó ń sanwó fún 11,000 nínú ẹ̀rọ náà, wá ní Mandriva làwọn yóò lò. Nínú gbogbo fàákájà yìí, n kò gbọ́ pé ẹnì kan bi olùkọ́ kan léèrè ohun tó fẹ́ lò. Àwọn mìíràn ló ń pinnu fún wa, tí a bá kọ̀ láti pinnu fúnra wa.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí n lé yín kúrò nínú iná kí n tì yín sínú odò. Ẹni tó bá sáré gbé Linux láìṣe ìwádìí yóò kábàámọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. CorelDRAW kò sí fún Linux, òun sì ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe pósítà ìsìnkú àti káàdì ìgbéyàwó. Photoshop kò sí. AutoCAD kò sí, kí ẹ̀yin ọmọ Poli tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà fi sọ́kàn. Inkscape àti GIMP lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, àmọ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n. Pirinta HP kì í sábà yọni lẹ́nu. Àwọn Canon kan máa ń ṣòro gan-an. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka, irú èyí tí wọ́n fi ń forúkọ síìmù sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ Linux. Ìlú Munich ní Jámánì gbé kọ̀ǹpútà ìjọba wọn bí 15,000 lọ sórí Linux, ní 2017 ìgbìmọ̀ ìlú sì dìbò pé kí wọ́n padà sí Windows. Nítorí náà, ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lójúmọ́ sílẹ̀, kí ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Linux Mint lè ṣiṣẹ́ láti orí fíláàṣì láìfọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ fi tẹ̀wé, ẹ fi ṣe sikáànù, kí ẹ tó pinnu.

Bí iṣẹ́ CorelDRAW bá jẹ́ oúnjẹ yín, ẹ fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ fún un, ẹ má jẹ́ kó rí íntánẹ́ẹ̀tì láéláé, kí ẹ sì fi Linux sórí èyí tí ẹ fi ń gba ìwé oníbàárà.

Ibi tí ẹ ó ti gba Linux Mint tún ní ewu tirẹ̀. Fáìlì rẹ̀ tó nǹkan bí 3GB, dátà sì wọ́n, ó máa wu ènìyàn láti dà á kọ láti orí fíláàṣì ọ̀rẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kejì, ọdún 2016, àwọn olè wọ ojúlé Linux Mint fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì yí ìjápọ̀ ibẹ̀ sí Mint ayédèrú tó ní kòkòrò nínú. Nítorí irú èyí ni wọ́n fi ń tẹ nọ́ńbà gígùn kan jáde pẹ̀lú fáìlì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní SHA256. Bí nọ́ńbà fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín bá fi àmì kan ṣoṣo yàtọ̀ sí i, ẹ pa á rẹ́. Linux náà kì í sì í ṣe odi tí kò lè wó. Ní oṣù Kẹta 2024, ó hàn pé ẹnì kan tó ti fi ọdún mélòó kan ṣe bí olùrànlọ́wọ́ ti fi ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ sínú irinṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ xz, tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò. Andres Freund ló rí i, nítorí pé ìwọlé sí ẹ̀rọ rẹ̀ fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Microsoft ló sì ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà! Kóòdù tó wà ní gbangba ló jẹ́ kó lè tú u wò títí tó fi rí ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá gbé Linux tó wá pa update tì fún ọdún mẹ́ta kò yàtọ̀ sí ẹni tó jókòó sórí Windows 10.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ gbé Linux sórí ẹ̀rọ yín, ẹ kó gbogbo fáìlì sórí háàdì-dísìkì mìíràn, ẹ ṣí mélòó kan nínú wọn lórí ẹ̀rọ mìíràn kí ẹ rí i pé wọ́n ṣí. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún. Bí iná bá lọ lágbedeméjì, láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú lè pàdánù gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí ẹ sì ka ohun tí ojú ẹ̀rọ ń bi yín kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, nítorí ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó túmọ̀ sí pé kí wọ́n nu gbogbo dísìkì, kò sì sí àtúnbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin olórí iléèwé, ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀yin tó ń kọ̀wé fún ìjọ àti mọ́sáláṣí, ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà yín lónìí pé Windows wo ló wà lórí rẹ̀, ṣé ojúlówó ni, ìgbà wo ló sì gba àtúnṣe gbẹ̀yìn. Bí kò bá lè dáhùn, ìdáhùn ti dé nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní Joga-Orílé, ẹ mú ọjọ́ kan nínú oṣù yìí tí ẹ ó fi pinnu, bóyá ojúlówó Windows 11 ni tàbí Linux, kí ẹ sì ṣe é. Títí ọjọ́ náà, ẹ pa Wi-Fi orí Windows 10 yín, ẹ nu fólídà Downloads mọ́, ẹ bá oníbàárà jáde nínú Gmail rẹ̀, ẹ má sì gba NIN, BVN tàbí pásíwọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni sórí ẹ̀rọ náà mọ́.